Ẹsẹ Kan, Nọ́ńbà Mẹ́ta

Bí Bíbélì bá wà nítòsí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fà á mọ́ra. Bó bá jẹ́ inú fóònù lẹ ti ń kà á, ẹ ṣí i, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ojú lẹ ó fi rí i, etí nìkan kò tó o.

Ẹ bá mi lọ sí Sáàmù 51. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Sáàmù tí Dáfídì fi ronú pìwà dà lẹ́yìn tí wòlíì Nátánì bá a wí. Ẹ wá ibi tó ti tọrọ ọkàn tó mọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nínú Bíbélì Yorùbá wa, ẹsẹ 10 ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Sákétẹ́, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó bá jẹ́ Bíbélì èdè Faransé ti Louis Segond ló wà lọ́wọ́ wọn, ẹsẹ 12 ni wọ́n á sọ fún yín. Bí bàbá àgbà kan tó jẹ́ Àgùdà bá sì gbé Bíbélì Douay láyé ọjọ́un kalẹ̀, kò tiẹ̀ ní bá a ní Sáàmù 51 rárá. Sáàmù 50 ni yóò ti bá a, ẹsẹ 12. Ohun tó wà ní Sáàmù 51 tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Dóégì ará Édómù, èyí tí àwa ń pè ní Sáàmù 52.

Ẹsẹ kan ṣoṣo ni o. Kò sẹ́ni tó bu ọ̀rọ̀ kún un, kò sẹ́ni tó bù ú kù. Nọ́ńbà ló yàtọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ìwé nìkan là ń kà, tí oníkálukú ń ka tirẹ̀ nílé tirẹ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n lónìí, fóònù kan ṣoṣo lè gbé Bíbélì ogún dání. Ẹ ó tẹ bọ́tìnì, Yorùbá á wà lápá òsì, Faransé á wà lápá ọ̀tún, Hébérù á tún wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ Dáfídì, kò mọ Nátánì, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Bí ẹni tó kọ ètò rẹ̀ kò bá kọ́ ọ dáadáa, yóò to ẹsẹ 10 ti Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ 10 ti Faransé, ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra á sì dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ìtumọ̀ ara wọn ni wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ibo gan-an ni àwọn nọ́ńbà yìí ti wá? Àwọn tó kọ Bíbélì kò fi nọ́ńbà sí i. Àwọn akọ̀wé Júù ti ń fi àmì sí ibi tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan parí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ iye sí i. Pípín sí orí orí tí à ń lò lónìí, Stephen Langton ni ìtàn gbà pé ó ṣe é, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Olùkọ́ ni lọ́hùn-ún ní Paris kó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Canterbury. Ti ẹsẹ ẹsẹ wá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin atẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Robert Estienne, ọmọ Faransé tó kó kúrò ní Paris lọ sí Geneva, ló tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde lọ́dún 1551 pẹ̀lú nọ́ńbà ẹsẹ tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. Nígbà tó di 1553, ó tẹ odindi Bíbélì èdè Faransé bẹ́ẹ̀. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní Geneva lọ́dún 1560 gbà á, ti Ọba James gbà á ní 1611, ti Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú rẹ̀, sì tọ ipasẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, nítorí mo ti rí àwọn Kristẹni rere tí wọ́n fa ìbínú yọ lórí rẹ̀: nọ́ńbà tí à ń há sórí nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, iṣẹ́ olùkọ́ àti atẹ̀wé ni. Ó dà bí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ tún nọ́ńbà rẹ̀ kọ. Nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà lára ògiri, tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn onílé kò kó jáde, ilé náà kò sì kúrò lójú kan.

Ó wá ku ìdí tí Sáàmù fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo Sáàmù 51. Kí ẹsẹ kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí àkọlé: pé ti olórí akọrin ni, pé Dáfídì ló ni ín, àti ìgbà tí Nátánì wọlé tọ̀ ọ́ wá. Àwa kì í ka àkọlé mọ́ ẹsẹ. Àwọn Júù ń kà á. Nínú Bíbélì Hébérù, àkọlé yìí gba ẹsẹ 1 àti ẹsẹ 2, ẹ̀bẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ 3. Nítorí náà, tiwa ní ẹsẹ 19, tiwọn ní 21. Louis Segond tẹ̀ lé Hébérù nínú Sáàmù, òun ló jẹ́ kí tirẹ̀ di 12.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyẹn rọrùn, kí ẹ̀rọ ṣáà máa fi méjì kún un. Rárá o. Sáàmù 3, ẹyọ kan péré ló fi yàtọ̀, nítorí àkọlé rẹ̀ gba ẹsẹ kan. Sáàmù 23, kò sí ìyàtọ̀ kankan: àkọlé rẹ̀ kúrú, ó sì wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn nínú ẹsẹ kìíní. Sáàmù 91, kò ní àkọlé rárá lédè Hébérù. Èyí tó wá ń dẹ pàkúté fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jù lọ ni Sáàmù 13. Ẹsẹ mẹ́fà ló ní nínú Bíbélì wa, ẹsẹ mẹ́fà náà ló ní lédè Hébérù. Ẹni tó bá ka iye ẹsẹ nìkan á ní wọ́n bára mu, á sì kọjá lọ. Wọn kò bára mu! Ti Hébérù fi ẹsẹ kìíní ka àkọlé, ó sì pa ẹsẹ 5 àti 6 tiwa pọ̀ sí ẹyọ kan ní ìparí. Ẹsẹ 1 tiwa ni ẹsẹ 2 tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí dópin, iye sì dọ́gba.

Ti Bíbélì Àgùdà àtijọ́ tún jìn ju ìyẹn lọ, nítorí Bíbélì Látìnì tí wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé ìtumọ̀ èdè Gíríìkì àtijọ́. Ìtumọ̀ yẹn ka Sáàmù 9 àti 10 sí ọ̀kan ṣoṣo. Wọn kò sì ṣì í ṣe, nítorí lédè Hébérù, lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ àwọn ìlà Sáàmù 9 ń bá a lọ wọ inú Sáàmù 10. Ó jọ pé orin kan ni wọ́n látilẹ̀wá. Láti ibẹ̀, nọ́ńbà wọn fi ẹyọ kan kéré sí tiwa. Wọ́n tún so 114 àti 115 pọ̀, wọ́n la 116 sí méjì, wọ́n la 147 náà sí méjì, nígbà tí wọ́n sì dé 148, ẹnu wa tún kò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 150 lọ́wọ́ àwa àti àwọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan lèyí. Láàárín wa níbí, nọ́ńbà la fi ń pe Sáàmù. Wòlíì á ní kí ẹnìkan lọ ka Sáàmù 35 ní òru, kó ka 91 kó tó jáde nílé, kó ka 121 bó bá ń rìnrìn àjò. Kò ní ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún un, nọ́ńbà ni yóò fún un. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, Àjàṣẹ́ ni wòlíì Oshoffa ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1947, ọmọ ìjọ wọn sì wà ní ìhà méjèèjì ẹnubodè. Bí wòlíì ní Ìdírókò bá ní kí ìyá kan ní Sákétẹ́ gbàdúrà pẹ̀lú Sáàmù 51 ẹsẹ 10, tí ìyá náà sì ṣí Segond, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò máa kà sókè. Bí ẹni tí wọ́n ní kó ka 91 bá sì ṣí Bíbélì Douay, Sáàmù ọpẹ́ tí à ń pè ní 92 ni yóò bá níbẹ̀. Sáàmù rere ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ní kó kà.

Kí ni àwọn tó ń ṣe áàpù Bíbélì ti ń ṣe sí i? Láyé àtijọ́, ohun tí púpọ̀ nínú wọn ṣe ni pé wọ́n mú nọ́ńbà Bíbélì Ọba James, wọ́n sọ ọ́ di férémù, wọ́n sì fi ipá ki gbogbo Bíbélì yòókù bọ̀ ọ́. Ètò SWORD, tí ẹgbẹ́ CrossWire ń pín fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, tí oríṣiríṣi áàpù sì dúró lé lórí, bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ẹ̀dà 1.6. Ẹsẹ tí kò bá rí àyè nínú férémù náà, ṣe ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀. Bí Sáàmù kan bá ní ẹsẹ 21, tí férémù sì mọ 19, ẹsẹ 20 àti 21 á kó sínú ẹsẹ 19. Ọ̀rọ̀ náà kò sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá ẹsẹ 21 kò ní rí i.

Láti ẹ̀dà 1.6 yẹn, Bíbélì kọ̀ọ̀kan lè sọ ìlànà tó fi ka ẹsẹ: ìlà kan péré ni, nínú fáìlì kékeré tó ń bá a rìn. Oríṣi ìlànà wà níbẹ̀ fún Hébérù, fún Látìnì, fún àwọn ará Rọ́ṣíà, fún Luther ti Jámánì. Wọ́n tún ṣe ọ̀kan fún Segond nìkan, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí Segond tó tẹ̀ lé Hébérù nínú Sáàmù kò tẹ̀ lé e nínú Jóẹ́lì. Ibi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé òun yóò da Ẹ̀mí òun sára gbogbo ènìyàn, Jóẹ́lì 2:28 ni nínú Bíbélì wa, 2:28 náà ni lọ́dọ̀ Segond, ṣùgbọ́n Jóẹ́lì 3:1 ni lédè Hébérù. Orí mẹ́rin ni Jóẹ́lì ní lọ́dọ̀ wọn, mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Málákì wá yí i padà: mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn, mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá sọ pé Bíbélì Faransé, Hébérù ló ń tẹ̀ lé, ìdajì òótọ́ ló sọ, ìdajì òótọ́ sì ti tó láti da ètò kọ̀ǹpútà rú.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é ni ti Paratext, ètò tí àwọn tó ń túmọ̀ Bíbélì ń lò káàkiri ayé. Fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà kà lè lóye. Apá kìíní kàn ń ka iye ẹsẹ ni: Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, 31, orí kejì, 25, orí kẹta, 24, títí dé Ìfihàn. Apá kejì ló ní làákàyè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ ní ìlà ní ìlà pé ẹsẹ báyìí nínú Bíbélì yìí jẹ́ ẹsẹ báyìí nínú ti èdè àkọ́kọ́. Àkọlé Sáàmù, òdo ni wọ́n fi sàmì sí i, kó lè ní ipò tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó di ẹsẹ 1 mọ́ wa lọ́wọ́. Bíbélì méjì tó bá fẹ́ pàdé, ọ̀dọ̀ Hébérù àti Gíríìkì ni wọ́n ti máa pàdé. Yorùbá kò ní láti di Faransé, Faransé kò ní láti di Yorùbá. Oníkálukú á máa jẹ́ nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Mo gbà pé ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn, n kò sì rí òmíràn tó dáa tó o. Kí á má ṣe tún nọ́ńbà ẹnikẹ́ni kọ. Nọ́ńbà tí bàbá kan há sórí láti kékeré, tó wà nínú ìwé orin rẹ̀, nínú ìwé ìwàásù rẹ̀, tó wà lára pákó ìrántí ìyá rẹ̀ ní ilé ìsìn, ó ti di tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti ṣe ìṣirò náà lábẹ́lẹ̀.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tó ń bí ariwo láàárín wa. Ẹ ṣí Mátíù 17, ẹ wo ẹsẹ 21, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa àdúrà àti àwẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ó wà níbẹ̀ gbọnyin. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ẹsẹ 20 parí, ẹsẹ 22 bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kárí WhatsApp pé àwọn ọ̀tá àwẹ̀ ló yọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o. Ìwé Gíríìkì tí Estienne rí lò ní 1551 ní ẹsẹ yẹn, ó sì fún un ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé wá gbé ìwé àfọwọ́kọ tó ti gbó gan-an yẹ̀ wò, irú Sínáítíkù àti Fatikánù, tí wọ́n ti kọ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin, wọn kò sì bá a nínú ibi yẹn ní Mátíù. Àwọn olùtumọ̀ fi í sí ìsàlẹ̀ ìwé, wọn kò sì fún ẹsẹ mìíràn ní nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹsẹ 22 má baà di 21. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:37 rí, àti Jòhánù 5:4, níbi tí áńgẹ́lì ti ń rú omi Bẹtẹsídà.

Níbí yìí, ẹ̀rọ lè di ẹlẹ́rìí èké láìmọ̀. Áàpù tó bá fi ààyè sílẹ̀ lófìfo, tí kò sọ̀rọ̀, ó ti jẹ́ kí ènìyàn ronú ohun tó wù ú. Áàpù tó bá fa ẹsẹ tó kàn sókè láti dí àlàfo náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbogbo ẹsẹ tó kù ní orí yẹn ti ṣìnà nìyẹn. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kékeré síbẹ̀: ìtumọ̀ yìí kò ní ẹsẹ yìí, ìdí rẹ̀ nìyí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti pa ẹnu ọ̀pọ̀ ìjà mọ́ nínú ìjọ wa.

Nǹkan mìíràn tó ń dun àwọn ènìyàn ni ti àkọsílẹ̀ ara wọn. Ẹ ti fi àwọ̀ kun ẹsẹ kan, ẹ kọ ọjọ́ tí Ọlọ́run dáhùn àdúrà yín sí i. Lọ́jọ́ kan ẹ yí Bíbélì inú áàpù padà sí èdè mìíràn, àwọ̀ náà sì bọ́ sórí ẹsẹ mìíràn, bí ẹni pé ẹ̀rí yín ti di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ ètò náà fi nọ́ńbà nìkan pa á mọ́, kò sọ Bíbélì tó ti kọ́kọ́ wá. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ìlànà mọ́ nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àkọsílẹ̀ yín á tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ síbikíbi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń tẹ Bíbélì Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ sì ń ṣe áàpù fún ìjọ yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí tó kù. Mo mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ kú akitiyan. Kí ẹ tó fi fáìlì yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, ìlànà tí Bíbélì náà fi ka ẹsẹ. Ẹ má ṣe rò pé ó hàn gbangba. Ẹ fún àkọlé Sáàmù ní ipò tirẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì kì í bọ inú ẹsẹ kìíní. Bí ẹ bá sì fẹ́ tábìlì ìfiwéra tó jinlẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ìwádìí Tyndale House ní Cambridge ti ṣe ọ̀kan fún STEPBible wọn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó.

Fún ẹ̀yin tó ń kà á lásán, ẹ lè dán áàpù yín wò lálẹ́ òní. Ẹ gbé Yorùbá àti Segond sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ṣí Sáàmù 51, kí ẹ wò ó bóyá ọkàn tó mọ́ wà lójú ìlà kan náà. Ẹ lọ sí Jóẹ́lì, kí ẹ rí i pé ìlérí Ẹ̀mí kò sá kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Bíbélì Àgùdà rọ́pò Segond, kí ẹ ṣí Dáníẹ́lì orí 3. Tiwa ní ẹsẹ 30. Lédè àkọ́kọ́, 33 ni, nítorí wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ orí 4 tiwa mọ́ ọn. Ti Àgùdà ní 100, nítorí orin àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta inú iná wà láàárín rẹ̀, láti ẹsẹ 24 dé 90. Ibi tí ọba Nebukadinésárì ti dìde lójijì tí ẹnu sì yà á, ẹsẹ 24 ni lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ 91 ni lọ́dọ̀ wọn. Bí áàpù yín bá mú àwọn méjèèjì pàdé níbẹ̀, ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Bí kò bá mú wọn pàdé, ẹ kọ̀wé sí wọn: ẹ sọ orúkọ Bíbélì méjèèjì, ẹ sọ orí àti ẹsẹ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí lójú fóònù. Ohun mẹ́ta tí wọ́n nílò láti tún un ṣe nìyẹn.